Ìjókòó Ìyá Aránṣọ

“Ẹnu mi yìí ló kó bá mi!” Ìyá aránṣọ gbá ẹnu ara rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló ti ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí àwọn filé sílẹ̀, kí àwọn máa gbé inú ọkọ̀ káàkiri ayé. Ìyá alágbàfọ̀ ló máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ jù. Òun náà ló wa bọ́ọ̀sì àlòkù dé iwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá aránṣọ lónìí. Ìyá agbẹ̀bí ti jókòó sẹ́yìn.

“Àwàdà ni mò ń ṣe o! Ìjókòó wo ló máa gba ìdí mi?”

Ìyá alágbàfọ̀ yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀. “Yẹ̀rì rẹ tí mò ń fọ̀ ni mo fi wọ̀n ọ́n, kí n tó ta ilé mi. Ṣé kí n pa ẹ́ńjìnnì ni?”