Àpótí Tí Mikail Kọ̀ Láti Yí Padà

Ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ sọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní iṣẹ́ ọwọ́ tó ń bọ́ yín.

1.
Ní Bẹ́yẹrúnká, nílùú Ìbàdàn, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Mikail. Fáànù, ẹ̀rọ ìlọta, ẹ̀rọ tó ń fa omi, èyíkéyìí tí wáyà inú rẹ̀ bá ti jó, òun àti àbúrò rẹ̀, Misbaudeen, ni wọ́n ń wé wáyà tuntun sí i. Ẹ̀rọ ìwéwáyà tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ni wọ́n ń lò. Irin dúdú tó wúwo ni, apá rẹ̀ sì máa ń dún kìn-ín-kìn-ín bí wọ́n bá ń yí i. Nínú agbo ilé wọn, irinṣẹ́ tí bàbá bá fi sílẹ̀, ti gbogbo ọmọ ni. Ẹnì kan kì í dá a tà.

Lọ́jọ́ kan, Mikail wo fídíò lórí fóònù. Wọ́n ní ọkọ̀ tó ń lọ sójú ọ̀run kò lè rìn àfi bó bá ń tu èéfín gbígbóná sẹ́yìn, epo rẹ̀ sì máa ń tán. Wọ́n ní àwọn kan ń wá ẹ̀rọ tí kò ní tu ohunkóhun dànù, tí iná mànàmáná nìkan yóò máa tì í lọ. Láti ọjọ́ náà ni Mikail kò ti sùn dáadáa mọ́. Ó fi páànù bàbà ṣe àpótí kan tó dí pa, ó wé wáyà sínú rẹ̀, ó fi okùn gbé e kọ́ sára àjà, ó kọjú rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ó fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ìdí rẹ̀ tó ń tọ́ka sórí rúlà. Nígbà tó tan iná, kò pẹ́ tí ọ̀pá náà fi sún díẹ̀ sápá ẹnu ọ̀nà.

"Misbau, o rí i? Kò tu nǹkan kan jáde, ó sì ń rìn!"

"Mo rí i, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n fáànù lèmọ́mù tí ẹ gbà lọ́jọ́ Ajé, ẹ ò tíì fọwọ́ kàn án."

2.
Zulaihat ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì nílé ìwé kan ládùúgbò. Ó gbé fáànù tirẹ̀ wá, ló bá rí àpótí yìí. Ó ní kí Mikail tan án lẹ́ẹ̀mejì.

"Bọ̀dá Mikail, ó wu èmi náà kó jẹ́ òótọ́. Àmọ́ àwọn onímọ̀ lókè òkun ti dán irú rẹ̀ wò. Àwọn kan rí i pé ó sún. Ìgbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, wáyà àti ooru ló ń sún un. Ẹ yí àpótí yín kọjú sí ògiri, kí ẹ tún tan án. Bó bá jẹ́ òun ló ń ti ara rẹ̀, apá ògiri ló yẹ kó lọ."

Bàbá Mikail ti kọ́ wọn pé iṣẹ́ tí wọ́n bá ti so mọ́ iná, a kì í yí i padà, kí iná má baà gbé ènìyàn. Òfin tó dáa ni. Ṣùgbọ́n Mikail sá sábẹ́ rẹ̀.

"Bàbá mi kì í yí iṣẹ́ padà. Èmi náà ò ní yí i."

"Mo ní kí ẹ pa iná ná, bọ̀dá. Ìṣẹ́jú méjì péré ni."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́? Ìwọ tí o ò lè tún fáànù ara ẹ ṣe! Ìlara ló ń dà ọ́ láàmú. Gbé e, kó o máa lọ!"

Zulaihat gbé fáànù jíjó rẹ̀, ó lọ.

3.
Mikail fẹ́ ṣe àpótí tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, páànù bàbà sì ti wọ́n. Lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí Misbaudeen wà ní mọ́ṣáláṣí, ó gbé ẹ̀rọ ìwéwáyà sínú takisí, ó tà á fún ọkùnrin kan tóun náà ń wé wáyà ní Gbági.

Misbaudeen dé, ó bá ihò bóòtù mẹ́rin tí wọ́n fi de ẹ̀rọ náà mọ́ orí tábìlì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ dà?"

"Mo ti tà á. Bí àpótí ńlá tí mo fẹ́ ṣe bá sún, láti òkè òkun ni wọ́n á ti máa wá wa."

"Ti bàbá wa ni! Ti gbogbo wa ni! Kí la fẹ́ fi ṣiṣẹ́ lọ́la?"

"Ojú ẹ ò ríran jìnnà. Ìyẹn ló ń bá ẹ jà."

4.
Ní Bẹẹrẹ, lọ́sàn-án gangan, Mikail gbé àpótí ńlá náà kọ́ sórí igi mẹ́ta. Ó kọjú rẹ̀ sápá Òjé, ó sì fa wáyà tó nípọn láti ara jẹnẹrétọ̀ wá sí i. Èrò pọ̀. Ọ̀pá ìdí rẹ̀ sún sápá Òjé, wọ́n hó yèè.

"Ẹ yí i padà," ni Zulaihat wí láàárín èrò.

"Ẹ lé obìnrin yẹn kúrò níbẹ̀!" ni Mikail pariwo.

Misbaudeen ni kò lé ẹnikẹ́ni. Ó pa jẹnẹrétọ̀, ó yí àpótí náà kọjú sí Mápó lójú gbogbo ayé, ó tún tan iná. Ọ̀pá sún. Apá Òjé náà ló tún lọ.

Awakọ̀ takisí kan ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Alàgbà, ọkọ̀ òfurufú yín kọjú sí Mápó, ó ń fẹ̀yìn rìn lọ sí Òjé!"

Misbaudeen fọwọ́ kan wáyà, ó yára fà á padà. "Wáyà yìí ló ń gbóná, tó ń nà, tó ń tì í. Ẹ̀gbọ́n, wáyà lásán lẹ ta ẹ̀rọ bàbá wa fún."

Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í bà lé Mikail lórí. "Òpùrọ́! Ẹ kó páńda yín kúrò lọ́nà!"

5.
Ọkùnrin Gbági kò dá ẹ̀rọ padà. Misbaudeen kó lọ sí Òkè-Àdó, ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹlòmíràn, kì í sì í gbé fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé fáànù jíjó fún Mikail lónìí, yóò gbé e léjìká lọ sí Gbági kí ọkùnrin náà lè bá a wé e, yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta bí oníbàárà, yóò máa gbọ́ kìn-ín-kìn-ín ẹ̀rọ bàbá rẹ̀ látinú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan gbé fáànù rẹ̀ wá, ó jókòó tì í. Zulaihat ni.

"Ẹ kú ìjókòó, bọ̀dá."



Ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ibí, ìrètí kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ ọkùnrin yìí. Bóyá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yóò wà lọ́jọ́ kan, bóyá kò ní sí, kò tíì sẹ́ni tó mọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ta ohun tó ń bọ́ yín nítorí ohun tí ẹ rò pé ẹ rí, ẹ jẹ́ kí ẹni tí kò gbà yín gbọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá ní kí ẹ yí i padà, ẹ yí i padà. Ìṣẹ́jú méjì ni Mikail fi du Zulaihat. Orí bẹ́ǹṣì Gbági ló ti ń san án títí di òní.

Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ bá mọ̀ pé ìbéèrè máa ń bí nínú.