Ooru Àyà Káfíńtà

“Bàbá, ẹ bọ́ ẹ̀wù yín!”

Agbẹ̀bí náà fi ọwọ́ kan gbé ìkókó, ó ń fi eyín fa ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó ń dán bíi dígí yọ nínú páálí. Iná ti lọ, àpótí tí wọ́n fi ń mú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé móoru ti kú. Lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti fa aṣọ bo ìyá ọmọ lójú. Òun nìkan ni bàbá náà, àgbà káfíńtà, bí láyé.

“Agbè ti fọ́,” ni ó wí. “Kí lẹ tún fẹ́ fi omi ṣe? Ọ̀rá bisikíìtì lẹ sì fẹ́ fi wé e.”

“Omi ò tíì dànù tán, bàbá. Àwọn tó ń rán ọkọ̀ lọ sí òkè òfúrufú ló ṣe ọ̀rá yìí, kí òtútù ibẹ̀ má bàa ba ẹ̀rọ wọn jẹ́. Kò ní ooru tirẹ̀. Èyí tó bá wà lára èèyàn ló ń dá padà, ọmọ yìí ò sì ní kankan mọ́.”

“Arúgbó bíi tèmi ńkọ́?”

“Ẹ bọ́ ẹ̀wù!”

Ó bọ́ ọ. Agbẹ̀bí tẹ́ ọmọ náà mọ́ ọn láyà, ara ọmọ tutù bí irin. Ó fi ọ̀rá wé àwọn méjèèjì pọ̀. Káfíńtà náà ò wo ọmọ; bẹ́ẹ̀dì ló tẹjú mọ́. Ọ̀rá náà ń dún lára wọn bí ewé gbígbẹ.

“Ẹ rọra, bàbá. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ bóyá ó ń mí.”

Ó mọ̀ pé òun ló ń gbọ̀n tí ọ̀rá fi ń dún. Ó wá di ara rẹ̀ mú gírígírí, ó sì sé èémí.

Ọ̀rá náà ò dákẹ́.