Ohùn Láoyè Nínú Ọgbà

Lẹ́yìn iṣẹ́, Ìbídùn wọ ọgbà ìgbafẹ́ láti wá ìṣúra inú géèmù orí fóònù rẹ̀. Òfin ní kí àwọn tó ń ṣeré náà máa rí ibi tí ara wọn wà.

"Yà sápá ọ̀tún, mo ń rí ẹ," ni Láoyè, ẹnìkejì rẹ̀ nínú géèmù tí kò tíì fojú rí rí, wí sí i létí láti inú fóònù.

"Nawọ́ sókè, kí n rí ìwọ náà."

"Mo ti nà án."

Kò sẹ́ni tó nawọ́. Ìbídùn sá tọ ìyá àgbà kan tó jókòó lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gbà mí lọ́wọ́ Láoyè!"

Ìyá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àwọn náà bojú wẹ̀yìn bí ẹni tí wọ́n ń ṣọ́.

"Ọmọ mi, òun ló ní kí n jókòó dè ẹ́ níbí."