Ikọ́ Odídẹrẹ́

Télọ̀ kan so àgò odídẹrẹ́ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó gùn ún láti Múṣín dé Ìpọ̀nrí. Dókítà ẹran tó bá níbẹ̀ ní màlúù nìkan lòun mọ̀, ó júwe Yábàá fún un. Ní gbogbo ọ̀nà ni ẹyẹ náà ń wúkọ́ ṣáá.

Ní Yábàá, dókítà ẹran mìíràn gbé ẹyẹ náà jáde nínú àgò, ó yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò, ó fetí sí àyà rẹ̀ títí.

"Ṣé ó ń jẹun?"

"Ó ń jẹun, sà. Ikọ́ yìí nìkan ni. Bó bá kú, kí ni mo fẹ́ sọ fún ìyàwó mi?"

"Ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ohun tó ń gbọ́ ló ń sín jẹ. Ta ló ń wúkọ́ nílé yín?"

"Kò sí, sà. Èmi àtìyàwó mi nìkan la wà níbẹ̀, èmi sì rèé, ṣọ́ọ̀bù ni mo máa ń wà láti àárọ̀."

Odídẹrẹ́ tún wúkọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ní ohùn ìyàwó télọ̀: "Ẹ má jẹ́ kí baálé mi gbọ́ pé mò ń wúkọ́ o."

Nígbà tí dókítà fi máa pè é pé kó wá gbé ẹyẹ rẹ̀, télọ̀ ti gun kẹ̀kẹ́ dé títì, kò sì wẹ̀yìn.