Àtàǹpàkò Ebiere

Alábàárù náà gbé Ebiere, ìyàwó rẹ̀, sáré wọ ọsibítù kan ní Ajégúnlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sílẹ̀ lára obìnrin náà.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́! A wà nínú ìnṣọ́ránsì tí ìjọba àti kọ́ńpìnnì jọ gbé wá."

"Kó fàtàǹpàkò tẹ ẹ̀rọ yìí."

Alábàárù wo àtàǹpàkò tirẹ̀. Lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀, ẹ̀rọ ò rí ìlà kankan níka rẹ̀. Àpò sìmẹ́ǹtì tó ń rù ní èbúté Kirikiri ti họ ọ́ dán. Ebiere ló ní: "Fi àtàǹpàkò tèmi forúkọ tìẹ sílẹ̀. Ìwọ lo ń gbẹ́rù tó lè wó pani. Èmi lè dúró ná."

Nọ́ọ̀sì gbé ìka Ebiere lé ẹ̀rọ. Fọ́tò alábàárù yọ, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bọ̀dá, ẹ̀yin ni wọ́n ní ká tọ́jú."