Àdúrà Tí Ọjà Gbọ́

Ẹ má dúró ní ìdajì o. Ẹ bá mi ka ìtàn yìí dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí wọ́n máa ń gbé máìkì lé lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

1.
Ní Ayétòrò, Àṣìkẹ́ àti Dárasími jọ ń yan gaàrí lábẹ́ àtíbàbà kan náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Dárasími ju igbá tó fi ń ro gaàrí sílẹ̀, ó bú sẹ́kún.

"Ṣé èéfín ni?"

"Kì í ṣe èéfín. Cornelius ò sí ní Àbújá o. Ẹ̀wọ̀n ló wà, ní Kútọnu. Wọ́n ká ẹrù ẹlẹ́rù mọ́ ọn nínú ọkọ̀."

"Hẹ̀ẹ́! Ọkọ rẹ? Ṣé Màmá mọ̀?"

"Ìyá ọkọ mi kẹ̀? Dókítà ní wọn ò gbọdọ̀ gbọ́ irú ẹ̀ lójijì, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Lọ́yà ní wọn ò ní pẹ́ tú u sílẹ̀. Tó bá dé, òun fúnra ẹ̀ á sọ fún wọn. Àṣìkẹ́, àyà mi ń já. Ìwọ nìkan ni mo sọ fún. Bá mi gbàdúrà kí n nígboyà, kí n má bàa máa sunkún lójú wọn."

"Inú mi ló kú sí," ni Àṣìkẹ́ wí.

2.
Àṣìkẹ́ fẹ́ràn Ọlọ́run, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n ó tún fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ pé, "Àdúrà Àṣìkẹ́ wúwo!"

Ní Ọjọ́rú yẹn, tó bọ́ sí ọjọ́ ọjà, wọ́n fún un ní máìkì níbi ìpàdé àdúrà ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Dárasími ò wá, ó wà nídìí gaàrí. Àdúrà ò lọ déédéé. "Àmín" ń jáde bí ẹni tí oorun ń kùn. Àṣìkẹ́ lajú díẹ̀, ó rí ẹnì kan tó ń yán. Ló bá pariwo:

"Bàbá, ìwọ tó ń tú ìdè! Arábìnrin wa kan tó ń yan gaàrí, ọkọ ẹ̀ wà lẹ́wọ̀n ní Kútọnu, ìyá ọkọ rò pé Àbújá ló wà. Tú u sílẹ̀!"

"Àmín!" Ilé mì. Ó dùn mọ́ ọn. Kò ṣáà dárúkọ.

Ṣípíkà méjì ló wà lórí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀kan kọjú sí ọjà. Ẹ sì sọ fún mi, obìnrin mélòó tó ń yan gaàrí ládùúgbò yẹn ni ọkọ wọn wà ní Àbújá?

3.
Mẹ̀dínátù tó ń ta ata gbọ́. Aláàánú èèyàn ni, kò ní ibi nínú. Ó mú ọsàn mẹ́rin, ó yà kí Màmá Cornelius níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà.

"Màmá, ẹ kú ọ̀rọ̀ Cornelius o. Ọlọ́run á yọ ọ́ lẹ́wọ̀n."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀wọ̀n wo? Mẹ̀dínátù, o ti ṣi ilé yà. Àbújá ni tèmi wà."

Ìgbà yẹn ni Mẹ̀dínátù rí i pé wọn ò mọ̀. Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Àìsọ̀rọ̀ ẹ̀ ló sọ ọ́. Àwo ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ Màmá. Kí wọ́n tó gbé wọn dé ọsibítù, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ti rọ, ẹnu wọn ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Dárasími lé Mẹ̀dínátù jáde ní ọsibítù kó tó ṣàlàyé. Ó wá bi Àṣìkẹ́ nídìí gaàrí pé, "Ta ló sọ fún olófòófó yẹn?"

Àṣìkẹ́ tẹ̀ ba, ó ń fẹ́ná tó ti ń jó tẹ́lẹ̀. "Ayé ti bàjẹ́," ló wí.

4.
Láti ọjọ́ náà, bí Àṣìkẹ́ bá ti kúnlẹ̀, ohùn ara ẹ̀ ló ń gbọ́ látinú ṣípíkà. Ó gbààwẹ̀, kò rọrùn. Ó kọrin, kò rọrùn. Lọ́jọ́ kẹta ló tó rí àdúrà kan gbà: "Jésù, mi ò ní kó o bò mí. Fún mi ní ẹsẹ̀ tí mo máa fi dé ọ̀dọ̀ Dárasími."

Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá ní ọsibítù. "Dárasími, èmi ni. Inú àdúrà ni mo ti sọ ọ́."

Dárasími yíjú sí i. "O ò gbàdúrà, Àṣìkẹ́. O ròyìn mi fáráyé, o wá fi 'Bàbá' bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Mo dárí jì ọ́, torí Jésù ló ní kí n ṣe é. Àmọ́ ọ̀rọ̀ inú mi, o ò ní gbọ́ ọ mọ́."

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, Àṣìkẹ́ tọrọ máìkì yẹn, ó jẹ́wọ́, ó bẹ Mẹ̀dínátù kí gbogbo ọjà gbọ́. Kò tún gbé máìkì mọ́.

Cornelius dé lóṣù kejì, bí lọ́yà ṣe wí. Ìyá ẹ̀ rí i, wọn ò lè pe orúkọ ẹ̀.

Láràárọ̀ ni Àṣìkẹ́ ń lọ fọ aṣọ Màmá. Lọ́jọ́ kan, Màmá na ọwọ́ òsì sí i. Dárasími ní, "Wọ́n ní kó o gbàdúrà."

Àṣìkẹ́ la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó di ọwọ́ yẹn mú. Ètè ẹ̀ ń mì, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ nǹkan kan. Màmá sì mi orí: àmín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ara Àṣìkẹ́ máa balẹ̀ láti Ọjọ́rú tó pariwo àdúrà yẹn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣọ́ra. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé "bá mi gbàdúrà", ẹ̀mí ẹlòmíì lè wà nínú ohun tó fi lé yín lọ́wọ́. Ẹ má fi ìbànújẹ́ ọ̀rẹ́ yín wá "àmín" kiri. Tí ẹ bá sì ti ṣe é, ẹ tètè lọ jẹ́wọ́. Ọlọ́run á fún yín lókun láti débẹ̀. Ó ń gbọ́ ohun tí a bá sọ nínú yàrá. Kò nílò ṣípíkà.