Àmín Létí Òkun

Ìyá náà ń ju ìborùn rẹ̀ sókè létí òkun Fidjrossè, kí àbíkẹ́yìn rẹ̀ tó ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀ ńlá tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán lè rí i.

Ó kọjú sí àkọ́bí rẹ̀. "Agbẹjọ́rò ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ kan péré ló borí rẹ yìí? Omi mímu ti tán lọ́wọ́ wọn!"

"Ìyá, mo ti bẹ adájọ́. Kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ̀ kalẹ̀."

"Ẹni tó ní kí wọ́n dá ọkọ̀ náà dúró, kí ìyá tirẹ̀ náà dúró létí òkun báyìí, kó máa nawọ́ sọ́mọ tọ́wọ́ ò tó."

Àkọ́bí náà tẹjú mọ́ iyanrìn.

"O ò ṣàmín?"

"Àmín."

Ọkọ̀ náà ṣì wà níbi tí agbẹjọ́rò náà fúnra rẹ̀ ní kí ilé ẹjọ́ dá a dúró sí.